Àfọ́kù Bíríkì

Ọjọ́ Sátidé, a kì í ṣílẹ̀kùn.
Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ ló kọ́ òun:
Jímọ̀ jẹ́ tiwa, Sátidé jẹ́ ti àwọn Júù;
géètì á wà ní títì, òkú á sinmi,
àwa náà á wá oúnjẹ òòjọ́ gba ibòmíràn.

Lẹ́yìn ògiri, tíráàmù ń fi irin họ irin.
Kọlikátà kì í sùn. Ibí yìí nìkan ló ti ń sùn,
ẹgbẹ̀rún méjì sàréè, bí mo ṣe kà á lọ́dún tí mo gbéyàwó,
kí n tó rántí pé mi ò ka àwọn ọmọ ọwọ́
tí wọ́n sin sẹ́bàá kànga,
ibojì tí kò gùn ju apá mi lọ.

Mi ò lè ka Hébérù.
Ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà tó dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá,
mo mọ èyí tó dà bí fìtílà ẹlẹ́nu mẹ́ta,
mo mọ èyí tó kéré bí eṣinṣin tó bà, tí kò tíì fò.
Òjò ń jẹ wọ́n. Lọ́dọọdún òjò á jẹ lára wọn,
èmi á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ohun tó ṣẹ́kù.

Lúnà dé lóṣù Kẹjọ, omi mu wá dé kókósẹ̀.
Mẹ́búọ̀nù ló ti wá, irun rẹ̀ ti funfun,
ó di ìwé pélébé kan mú bí ẹni di ọmọ ẹyẹ mú.
"Khatun, ìyá ìyá mi. Ọdún ìyàn ló kú."
Ìwé àkọsílẹ̀ ọdún náà, ikán ti jẹ ẹ́ tán.
Mo ní kó máa tẹ̀lé mi.
Òkúta orúkọ ti fọ́, kò sí lẹ́tà kankan lójú mábù,
àmọ́ bàbá mi máa ń wí pé:
*Khatun ló wà lábẹ́ igi àjàgbọn,
má jẹ́ kí ewúrẹ́ jókòó lé e,
orúkọ ìyàwó mi ló ń jẹ́.*

Bẹ́ẹ̀ ni. Sakina Khatun ni ìyá tó bí mi lọ́mọ.
Itẹ́ òkú tiwa ló sùn sí, lápá kejì ìlú.
Ọdún méje rèé tí mi ò dé ibẹ̀.

Lúnà kò sunkún. Ó wolẹ̀ yíká.
"Òkúta dà?"
Àṣà wọn ni, wọn a gbé òkúta lé sàréè
bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn.
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.
Màdáámù, odò ló gbé ilẹ̀ yìí wá,
ẹrẹ̀ lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀,
ẹ walẹ̀ títí di ọjọ́ àjíǹde, ẹ ò ní kan òkúta.
Bíríkì là ń sun.
Nígbà tá a bá fẹ́ òkúta, àá fọ́ bíríkì.

Ó ṣa àfọ́kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún, ó gbé e lé Khatun láyà.
Òjò tún bẹ̀rẹ̀.
Pupa bíríkì ṣàn sára mábù bí osùn.

Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ.
Ẹni tí ọmọ sin ńkọ́, tí ọmọ wọkọ̀ òkun lọ,
tó wá ku ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀?
Mi ò bi Lúnà. Owó tó fún mi, mo gbà á.
Òrùlé mi ń jò.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ti géètì,
mo wọ tíráàmù lọ sápá kejì ìlú
pẹ̀lú àfọ́kù bíríkì lápò.
Kì í ṣe àṣà tiwa. Mo mọ̀.
Mo dúró títí ẹni tó ń ṣàdúà nítòsí fi lọ,
lẹ́yìn náà, mo kan ilẹ̀kùn ìyá mi.